Ẹ Má Jẹ́ Kí Oògùn Ọpọlọ Tán Kí Ẹ Tó Wá

Fún àwọn tó ń gba oògùn lọ́dọ̀ wa láti Mowe, Ibafo àti Ifo, àti àwọn ẹbí wọn

Ojúmọ́ ọjọ́ Ajé kì í mọ́ kí ẹnìkan má dúró sí fèrèsé oògùn wa pẹ̀lú páálí òfìfo lọ́wọ́: “Ẹ jọ̀ọ́, irú èyí ni, ó ti tán láti Tọ́sìdeè.” Bí a bá bèèrè ìwé dókítà, ó ní ó wà nílé.

A kì í fi páálí ta oògùn ọpọlọ. Páálí haloperidol á sọ bóyá 5 mg ni tàbí 10 mg. Kò lè sọ pé ààbọ̀ ni dókítà ní kẹ́ ẹ máa lò láti oṣù tó kọjá. Ìwé dókítà ló ń sọ ìyẹn. Bí ẹ bá ń bá ẹbí gbà á, ẹ mú káàdì rẹ̀, ìwé náà, àti hóró tó ṣẹ́kù wá.

Ọjọ́ mẹ́rin láìlo oògùn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹni tó dá carbamazepine dúró lójijì, wárápá lè gbé e lójú títì. Ẹni tí ohùn ti dákẹ́ létí rẹ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ máa ka hóró oògùn yín lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bó bá ku ti ọjọ́ méje, ẹ bọ́ sọ́nà. Ọjọ́ méje kò pọ̀ jù. Ará Ifo lè gba Papalanto lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro l’Abẹ́òkúta, ará Mowe á gba Ṣágámù. Ẹni tí fáìlì rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Yaba sì mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìbàdàn ju àwa lọ. Bí ọjọ́ tí dókítà dá bá jìnnà sí ọjọ́ tí oògùn máa tán, ẹ tètè sọ fún wa.

“Ara mi ti yá”

Oògùn ló mú kó yá. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, irú amitriptyline, sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lára. Ẹ má sọ ọ́ nù lọ́jọ́ karùn-ún.

Ohun tí famasísì wà fún

Kì í ṣe kíka hóró sínú ọ̀rá nìkan. Bí ọrùn aláìsàn bá gan, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí itọ́ ń dà, ẹ má ní ayé ló ń ṣe é. Oògùn náà lè fà á. Ẹ wá sọ; a ó kàn sí dókítà, wọ́n lè dín in kù tàbí kí wọ́n fi benzhexol kún un. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń mu pẹ̀lú, títí kan agbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró ṣe níbùdókọ̀. A ò ní bá yín jà. Ọtí pẹ̀lú chlorpromazine lè kun ènìyàn lóorun débi ewu. Obìnrin tó ń lo carbamazepine pẹ̀lú hóró ìfètòsọ́mọbíbí, kó tètè sọ: ó lè mú kí hóró náà má ṣiṣẹ́ mọ́.

A mọ̀ pé ojú lè máa tì yín níwájú èrò. Ẹ kàn ní, “Mo fẹ́ rí famasísì,” a ó mú yín wọ yàrá.

Kẹ́mísì àti àwọn ará géètì

Kẹ́mísì àdúgbò lè ta parasitamọ́ọ̀lù. Ìwé-àṣẹ tí Pharmacy Council of Nigeria fún un kò dé orí oògùn ọpọlọ. Bó bá tà á, ó ti rú òfin.

A kò rán ẹnikẹ́ni gba owó ìlà. Ẹni tó bá ní òun ó bá yín “yanjú” ìwé dókítà ní géètì, ayédèrú ló ń tà. Ọ̀dọ̀ kaṣíà nìkan ni a ti ń sanwó; ẹ gba rìsíìtì.

Bó bá di pàjáwìrì

Bí aláìsàn bá ní òun fẹ́ pa ara òun, tàbí tó gbé ọ̀pọ̀ hóró mì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má wá to ìlà lọ́dọ̀ wa. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù, lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú páálí oògùn náà dání. Lọ́jọ́ yẹn, òfìfo rẹ̀ náà wúlò.