Orírun Ọ̀rọ̀ Àyálò 'Metro' Nínú Èdè Bẹ̀ngálì

Èdè Bẹ̀ngálì ni wọ́n ń sọ ní Bangladesh àti ní ìpínlẹ̀ West Bengal ní Íńdíà. 'Metro' ni àwọn elédè yìí ń pe ọkọ̀ ojú irin tí ń kó èrò láàrin ìlú ńlá. Àfojúsùn iṣẹ́ yìí ni láti tọpa orírun ọ̀rọ̀ àyálò náà, àti láti fi ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ hàn.

Inú èdè Gíríìkì ni gbòǹgbò rẹ̀ wà: 'mētēr' ni ìyá, 'polis' ni ìlú; àkànpọ̀ méjèèjì, 'mētropolis', sì túmọ̀ sí ìyá ìlú. Ní ọdún 1863, ilé-iṣẹ́ Metropolitan Railway bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lábẹ́ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ti Párísì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1900, 'chemin de fer métropolitain', ìyẹn ọ̀nà irin ti olú-ìlú, ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ náà gùn. Wọ́n gé e kúrú sí 'métro'. Èyí tí ó ṣẹ́kù kò sọ ohunkóhun mọ́ nípa ọ̀nà tàbí irin.

Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Bẹ̀ngálì ti yá a. Kọ́ńsónáǹtì 't' inú rẹ̀ di èyí tí wọ́n ń ká ahọ́n sẹ́yìn pè, ṣùgbọ́n ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì 'tr' kò tú ká, nítorí pé èdè náà gbà á láàyè. Yorùbá kò gba irú rẹ̀. Ìdí nìyí tí 'bread' fi di 'búrẹ́dì'.

Nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kolkata ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹwàá, ọdún 1984, àwọn ènìyàn tún ń pè é ní 'pātāl rel'. 'Pātāl' ni ayé abẹ́ ilẹ̀ nínú ìgbàgbọ́ àwọn Híńdù. Orúkọ náà bá a mu, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ni ọkọ̀ ń gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dhaka bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ 28, oṣù Kejìlá, ọdún 2022, orí afárá gíga ni ojú irin náà wà. 'Pātāl' kò lè ṣe àpèjúwe rẹ̀ mọ́. 'Metro rel' ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi àpèjúwe ṣẹ̀dá máa ń tètè yé akẹ́kọ̀ọ́. Síbẹ̀, bí àbùdá tí ó dúró lé bá yí padà, ọ̀rọ̀ náà yóò máa tan ni jẹ. 'Ọkọ̀ ojú irin' ti Yorùbá kò ní ìṣòro yìí: ìbáà gba abẹ́ ilẹ̀, ìbáà gba orí afárá, ojú irin náà ni yóò máa tọ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ohun tuntun, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo àbùdá tí kò ní yẹ̀ lára ohun náà.