Ìdí Tí Òkè Kéékèèké Ilẹ̀ Faransé Fi Ń Mú Oníkẹ̀kẹ́ Làágùn

Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, ọdún 2024, Biniam Girmay, ọmọ orílẹ̀-èdè Eritrea, já Jasper Philipsen ti Bẹ́ljíọ̀mù sílẹ̀ ní Colombey-les-Deux-Églises, ó sì gba ìpele kẹjọ ìdíje eré kẹ̀kẹ́ Tour de France. Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ìgbà náà, ní ìlú Turin lórílẹ̀-èdè Ítálì, ló ti di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba ìpele kan nínú ìdíje náà. Nígbà tó di ọjọ́ 11, ó tún gba òmíràn ní Villeneuve-sur-Lot. Òun náà ló wọ ẹ̀wù àwọ̀ ewé nígbà tí eré parí, ẹ̀wù tí wọ́n ń fún ẹni tó kó máàkì jọ jù lọ láti ìpele dé ìpele.

Òkè Alps àti Pyrenees ni ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń wo eré yìí lórí tẹlifíṣàn máa ń dúró dè. Ṣùgbọ́n ibi tí Girmay ti borí nílẹ̀ Faransé kì í ṣe orí òkè ńlá. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni: oko ọkà, pápá màlúù, igbó díẹ̀díẹ̀, àti àwọn abúlé olókùúta tó ti wà níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ga, bẹ́ẹ̀ ni kò tẹ́jú. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kò tíì pẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ tí yóò tún gòkè. Lójú tèmi, irú ilẹ̀ yìí ni eré kẹ̀kẹ́ Faransé ti ta gbòǹgbò, kì í ṣe orí òkè oníyìnyín.

Ẹ jẹ́ ká mú gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ní agbègbè Périgord àti Quercy. Òkúta ẹfun ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ibẹ̀, odò Dordogne, Vézère àti Lot sì ti gbẹ́ ẹ wọnú títí ó fi di àfonífojì. Inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni ihò Lascaux wà, níbi tí wọ́n ti rí àwòrán ẹranko àtayébáyé ní ọdún 1940. Fún oníkẹ̀kẹ́, ohun tí àwọn àfonífojì náà túmọ̀ sí ni pé gbogbo odò tó bá fẹ́ sọdá, yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀, yóò gba orí afárá kọjá, yóò sì tún gun òkè ti òdìkejì.

Ogun ló sọ ọ̀pọ̀ abúlé agbègbè yìí di ohun tí wọ́n jẹ́. Láti ìgbà tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti di alákòóso Aquitaine, tí agbègbè yìí jẹ́ ara rẹ̀, ni òun àti ọba Faransé ti ń du ilẹ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kí ogun ńlá tó bẹ́ sílẹ̀ láti 1337 títí di 1453. Kálukú ń tẹ ìlú tuntun dó láti fi di ilẹ̀ rẹ̀ mú. Philip Kẹta ti Faransé tẹ Domme dó ní 1281, lórí bèbè òkúta tó dojú kọ odò Dordogne. Kò ju ọdún mélòó kan lọ tí Edward Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi tẹ Monpazier dó. Òpópónà ibẹ̀ gún régé, wọ́n ń dábùú ara wọn, ọjà sì wà láàárín, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórùlé yí i ká tí òjò kò fi ní pa oníṣòwò. Villeneuve-sur-Lot fúnra rẹ̀ jẹ́ ara irú ìlú bẹ́ẹ̀. Alphonse ti Poitiers, àbúrò Ọba Louis Kẹsàn-án, ló tẹ̀ ẹ́ dó.

Ní ọjọ́ tí Girmay borí níbẹ̀, Aurillac ni wọ́n ti gbéra, ìrìn tó lé ní 200 kìlómítà. Wọ́n gba Autoire kọjá, wọ́n gba Rocamadour, níbi tí ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì lẹ̀ mọ́ ògiri òkúta, tí àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn ti ń fi eékún gun àtẹ̀gùn 216 láti ayé àtijọ́.

Kí ló dé tí irú ọ̀nà yìí fi ń tán ẹni lágbára tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí òkè gbà lọ́wọ́ ẹni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ yóò dá a padà. Ìṣirò kò gbà bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹnì kan lè fi wákàtí kan rin 30 kìlómítà lórí ilẹ̀ títẹ́jú: ìṣẹ́jú 40 ni yóò fi rin 20 kìlómítà. Ká wá ní ìdajì ọ̀nà yẹn jẹ́ òkè, tí eré rẹ̀ já sí 15 kìlómítà ní wákàtí. Ìṣẹ́jú 40 ti tán pátápátá kó tó dé téńté. Bó tilẹ̀ fò bí ẹyẹ sọ̀ kalẹ̀, kò lè rí àkókò yẹn gbà padà mọ́. Atẹ́gùn kò sì ní jẹ́ kó fò. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ẹni nílò láti fi la atẹ́gùn já di ìlọ́po mẹ́jọ.

Atẹ́gùn yìí kan náà ló mú kí àwọn eléré máa rìn ní agbo. Ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn ń dín ìyà ara rẹ̀ kù gan-an. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà ni eré kẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Lórí òkè, eré wọn dín kù, atẹ́gùn kò fi bẹ́ẹ̀ jọjú mọ́, ìwọ̀n ara ló kù tó ń bá ẹni jà. Àwọn eléré tó wúwo tó lágbára eré ìparí máa ń já sẹ́yìn tí irú òkè bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, nígbà tí àwọn tín-ín-rín tó mọ òkè gùn kì í sábà lágbára eré ìparí. Girmay ní méjèèjì. Asmara ni wọ́n ti bí i, ìlú tó ga ju 2,300 mítà lọ sókè òkun, níbi tí àwọn ará Ítálì ti mú kẹ̀kẹ́ wá nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso Eritrea. Ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, Daniel Teklehaimanot, ti wọ ẹ̀wù olùgun-òkè nínú Tour ní 2015.

Colombey ní ìtàn mìíràn tí mi ò lè fò. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, ọdún 1960, gbogbo agbo eléré dúró níbẹ̀ láti kí Ààrẹ Charles de Gaulle, tí ilé rẹ̀ wà ní abúlé náà. Pierre Beuffeuil, tí táyà rẹ̀ jò tó ti wà lẹ́yìn, ń lé wọn bọ̀. Ó kọjá lọ ní tirẹ̀, ó sì gba ìpele ọjọ́ náà ní Troyes. 

Ọ̀nà náà wà fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn tí eré bá kọjá. Faransé ní ìlú àti abúlé bíi 35,000 tó ní mẹ́yọ̀ tirẹ̀, ọ̀nà ọlọ́dà tẹ́ẹ́rẹ́ sì so wọ́n pọ̀. Ọkọ̀ ńlá ti lọ sí ojú ọ̀nà márosẹ̀. Òfin sì sọ pé awakọ̀ tó bá fẹ́ ya oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú gbọ́dọ̀ fi mítà kan àbọ̀ jìnnà sí i. Láti 1982, ẹgbẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Collonges-la-Rouge, abúlé olókùúta pupa, ti ń yan àwọn abúlé tó rẹwà jù lọ. Èyí tí olùgbé rẹ̀ bá ju 2,000 lọ kò lè wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ kò gbọ̀dọ̀ wo kìlómítà nìkan lórí máàpù. Iye mítà tí òkè inú rẹ̀ jẹ́ lápapọ̀ ni kó kọ́kọ́ wò: 60 kìlómítà tó ní 1,000 mítà òkè nínú tó iṣẹ́ òòjọ́ fún ẹni tí kì í ṣe eléré. Kó mú kẹ̀kẹ́ tó ní jíà fífúyẹ́. Kó ra búrẹ́dì láàárọ̀, torí àwọn ṣọ́ọ̀bù abúlé máa ń tì lọ́sàn-án, ọ̀pọ̀ kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Tí omi bá tán, ibi itẹ́ òkú ni kó yà sí. Ẹ̀rọ omi sábà máa ń wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń bomi rin òdòdó, kó ṣáà ti wò ó bóyá wọ́n kọ «non potable» sára rẹ̀, torí irú omi bẹ́ẹ̀ kò ṣeé mu.