Àlejò inú Kọ̀ǹpútà: Ọmọ Agboolé Wo Ni Ọ́?

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà agboolé kan ní Ìlọràá ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bí ọmọdékùnrin kan tí a kò mọ̀ rí bá yà wọ inú agboolé lọ́sàn-án gangan, bàbá àgbà tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í fa àdá yọ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ìbéèrè ni yóò fi pàdé rẹ̀. “Kí ni orúkọ rẹ?” “Àjàní ni mí, bàbá.” Àjàní pọ̀ ní ìlú, nítorí náà bàbá kò ní dúró níbẹ̀. “Ọmọ agboolé wo ni ọ́? Ta ni ó mọ̀ ọ́? Kí ni o wá ṣe?” Bí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá bára mu, wọ́n á bu omi fún un. Bí wọn kò bá bára mu, gbogbo ilé á la ojú sílẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́rin yìí náà ni ó yẹ kí a máa bi àlejò inú kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ohun tí ẹ ń wò nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Lábẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò kéékèèké ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀: ọ̀kan ń tọ́jú ìwé tí ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde, òmíràn ń bójú tó íntánẹ́ẹ̀tì, òmíràn ń ṣọ́ aago. Ọmọ ilé ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé. Àárín àwọn ọmọ ilé wọ̀nyí ni ètò búburú ń fara pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìlọràá, lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀yọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá kí ó bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀. Ó wo orúkọ àwọn ètò tí ń ṣiṣẹ́, ó rí spoolsv.exe. Orúkọ yìí ṣàjèjì lójú rẹ̀, ni ó bá dá a dúró, ó sì sé ọ̀nà mọ́ ọn kí ó má lè dìde mọ́. Lẹ́yìn náà ó rí scvhost.exe. Èyí jọ orúkọ tí ó ti rí tẹ́lẹ̀, ni ó bá fi í sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí spoolsv.exe ni Windows fi ń darí ìwé lọ sí ẹ̀rọ náà. Èyí tí ó dá sí kò sì sùn: fíláàṣì oníbàárà tí ó bá ti wọ kọ̀ǹpútà náà, á kó fáìlì inú rẹ̀ pamọ́, á sì fi ayédèrú rọ́pò wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣí tirẹ̀ nílé, kò rí iṣẹ́ odindi ọdún kan mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti na ọmọ ilé, ó sì ti fún olè ní àga.

Ìbéèrè kìn-ín-ní ni orúkọ. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager á ṣí, ẹ ó sì rí àwọn orúkọ ní abala Details. Ẹ kà wọ́n ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ilé ni svchost.exe, bí ẹ tilẹ̀ rí i ní ìgbà ogún. Scvhost.exe kì í ṣe òun: v àti c ti gba ipò ara wọn. Ní oṣù May 2000, kòkòrò kan tí à ń pè ní ILOVEYOU jáde láti ilẹ̀ Philippines, ó ń gba inú íméèlì káàkiri ayé bí ìwé ìfẹ́. Bí ó bá ti wọlé, á fi MSKernel32.vbs àti Win32DLL.vbs ṣe orúkọ, kí ó lè dún bí ọmọ Windows.

Ìbéèrè kejì ni agboolé. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ ètò náà, kí ẹ yan Open file location. Inú System32, tí ó wà nínú fólídà Windows, ni ilé svchost.exe àti spoolsv.exe. Èyí tí ó bá ń jẹ́ svchost.exe, tí ó sì ń gbé inú Temp tàbí Downloads, irọ́ ni ó ń pa. Ṣùgbọ́n ILOVEYOU wọ inú fólídà Windows gan-an lọ fara pamọ́, nítorí náà ẹ má dúró níbí.

Ìbéèrè kẹta ni onígbọ̀wọ́. Ẹ tún tẹ fáìlì náà bákan náà, kí ẹ yan Properties, kí ẹ wá Digital Signatures. Ìbuwọ́lùwé iléeṣẹ́ tí ó ṣe ètò náà ni. Àwọn ọmọ ilé mìíràn wà tí abala yìí kò hàn lára wọn, nítorí náà àìsí rẹ̀ nìkan kò tó láti dá ẹjọ́. Wíwà rẹ̀ náà kò sì tó: ìbuwọ́lùwé tí wọ́n jí ni Stuxnet, tí àṣírí rẹ̀ tú ní 2010, fi wọlé.

Ìbéèrè kẹrin ni iṣẹ́ ọwọ́. Ìgbà wo ni ó dé, lẹ́yìn fíláàṣì ta ni? Ṣé ó ń jẹ dátà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lo íntánẹ́ẹ̀tì? Bí iyè méjì bá ṣì wà, ẹ gbé fáìlì ètò náà lọ sí VirusTotal, níbi tí ètò agbógunti-kòkòrò tí ó lé ní 70 yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹyọ kan péré bá pè é lólè, ó lè jẹ́ àṣìṣe. Bí ọ̀pọ̀ bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ gbà wọ́n gbọ́. Ẹ má gbé ìwé oníbàárà lọ síbẹ̀ o, nítorí ojú ẹlòmíràn lè tó o.

Bí ó bá hàn pé olè ni, ẹ já íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ má sì tẹ nọ́ńbà àṣírí báńkì kankan lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Microsoft Defender yẹ gbogbo kọ̀ǹpútà wò, kí ẹ sì lọ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà yín lórí ẹ̀rọ mìíràn tí ó mọ́. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, kí ó má tíì sunkún: irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi fáìlì pamọ́ ni, kì í pa á, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe sì lè tú u síta.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má tìtorí orúkọ àjèjì pa ọmọ ilé, ẹ má sì tìtorí orúkọ tí ẹ mọ̀ gba olè sílé. Ẹ bi í ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó dá ẹjọ́ rẹ̀.