Ẹ̀rọ Atọ́nà Inú Ọkọ̀ Tòkunbọ̀: Èyí Tí A Kàn Mọ́ Ọkọ̀ àti Èyí Tí A Ń Gbé Kiri

Ẹni tí ó bá gba ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní èbúté Èkó tàbí ní Kútọnu, tí ó sì jókòó sí ìdí ọkọ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́, lè rí gíláàsì kan tí ń tàn yòò ní àárín dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ó bá tẹ bọ́tìnnì tí a kọ NAVI sí, kò ní rí Apapa, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rí Kano. Pápá òfìfo ni yóò rí, tí ọfà kékeré kan dúró ní àárín rẹ̀, bí ẹni tí ọkọ̀ ojú omi já jù sílẹ̀ lójú agbami. Òmíràn nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ṣì tọ́jú àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín, ní Texas tàbí ní Hamburg, pamọ́ sínú. Olùrà a wá béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní rìwáyà, bóyá ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ni. Rìwáyà a sì dá iye owó lé e.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ ènìyàn díẹ̀. Ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tí ń ṣe ìtọ́jú àyíká tẹ ìròyìn kan jáde ní 2020, tí ó fi hàn pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù kéékèèké ni a kó jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà láàárín 2015 sí 2018, àti pé ilẹ̀ Áfíríkà ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Púpọ̀ nínú wọn ni a ti kan ẹ̀rọ atọ́nà mọ́ láti ilé iṣẹ́. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ náà ti sanwó fún ẹ̀rọ yìí mọ́ iye ọkọ̀, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Kí owó mìíràn tó tún jáde lápò, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú gíláàsì náà. Lókè ọ̀run, ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sí ilẹ̀, ni àwọn sátẹ́láìtì GPS ti ń yí ayé ká. Ìjọba Amẹ́ríkà ni ó ni wọ́n. Èyí àkọ́kọ́ gòkè ní 1978, a sì kéde ní 1995 pé ètò náà ti pé pérépéré. Sátẹ́láìtì kò rí ọkọ̀ kankan, kò sì mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò ju pé kí ó máa sọ ibi tí òun wà àti ohun tí aago òun wí, lórí ìgbì rédíò, fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè gbọ́. Ní èyí, ó jọ ilé iṣẹ́ rédíò gan-an: ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ kò mọ ẹni tí ń gbọ́. Ìgbì náà ń sáré 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ a wo bí ó ti pẹ́ tó kí ohùn sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a sì fi ti mẹ́rin ó kéré tán ṣe ìṣirò ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà. Bí aago bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣìnà, ìṣirò yóò fi 300 mítà yẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kì í san kọ́bọ̀ lórí ohùn yìí. Bí ó ti ń dún ní New York ni ó ń dún ní Maiduguri. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó dúró ní àárín pápá òfìfo yẹn kò sọnù rárá. Ó mọ ibi tí òun wà lórí ilẹ̀ ayé dájúdájú. Ohun tí kò ní ni máàpù ilẹ̀ tí ó dé. Máàpù Amẹ́ríkà ni a fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, Amẹ́ríkà nìkan ni ó sì lè yà.

Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ àkànmọ́ yìí kò ṣe é láìgbọ́n. Ní 1981 ni ilé iṣẹ́ Honda ti Japan ṣe èyí tí kò gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì kankan, tí ó ń fi ìyísọ́tùn-ún yísósì ọkọ̀ àti ọ̀nà tí ó ti rìn mọ ibi tí ó wà. Ní 1990 ni Mazda fi èyí tí ń lo GPS sínú ọkọ̀ Eunos Cosmo. Ní ìgbà náà, Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da ohùn sátẹ́láìtì rú fún àwọn tí kì í ṣe ológun, tí ó fi lè yẹ̀ ní nǹkan bí 100 mítà. Ní oṣù Karùn-ún 2000 ni Ààrẹ Bill Clinton pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń gbé kiri ti di ohun tí ó wúlò fún gbogbo ènìyàn: TomTom gbé ẹ̀rọ GO jáde ní 2004, Google sì fi atọ́nà ọ̀fẹ́ sínú fóònù ní 2009.

Àǹfààní tí àkànmọ́ ní lórí alágbèéká kò kéré. A so ó mọ́ táyà ọkọ̀, ó ń ka bí wọ́n ti ń yí. Ó sì ní ohun kan nínú tí ń mọ̀ bí ọkọ̀ bá yà. Bí ọkọ̀ bá wọ abẹ́ afárá gígùn, tí ohùn sátẹ́láìtì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, ó lè máa ka ìṣísẹ̀ ara rẹ̀ lọ títí yóò fi jáde. Fóònù a máa ṣi afárá mú fún ọ̀nà ìsàlẹ̀ ní irú ibẹ̀. Àkànmọ́ kì í bọ́ sílẹ̀ nínú gegele, oòrùn kì í tètè pa á, olè tí ń fọ́ gíláàsì ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò sì lè já a gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ogbó rẹ̀ burú. Máàpù rẹ̀ wà lórí àwo DVD tàbí lórí káàdì tí ó jẹ́ pé irú ẹ̀rọ náà nìkan ni a ṣe é fún. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń kọ àwo ilẹ̀ mìíràn, ilé iṣẹ́ kì í sì í yá láti ṣe àwo tuntun fún ọkọ̀ tí ó ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kódà bí a bá rí máàpù Nàìjíríà ti 2010 fi sínú rẹ̀, kí ni yóò sọ nípa Afárá Kejì lórí Odò Ọya, èyí tí a ṣí láàárín Asaba àti Onitsha ní oṣù Karùn-ún 2023? Afárá 1965 nìkan ni ó mọ̀. Ọkọ̀ tí ó bá ń sáré lórí afárá tuntun, lójú ẹ̀rọ yẹn, inú omi ni ó wà. Bákan náà ni afárá Loko sí Oweto lórí Odò Benue, àti èyí tí a ṣí lórí odò Gambia ní oṣù Kìn-ín-ní 2019, tí ó gba ọ̀pọ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ dídúró de ọkọ̀ ojú omi ní Farafenni.

Aago inú rẹ̀ pàápàá ń darúgbó. GPS ń ka ọ̀sẹ̀ láti òdo dé 1023, lẹ́yìn náà a tún padà sí òdo. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1999, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2019. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí a kò kọ́ ní èyí a rò pé ogún ọdún ti padà sẹ́yìn. Irú àṣìṣe kíka ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó hàn ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 2022, nígbà tí aago inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ Honda àti Acura àtijọ́ padà sí 2002 lójijì, tí ilé iṣẹ́ náà sì ní yóò tún ara rẹ̀ ṣe tí ó bá di oṣù Kẹjọ. Rìwáyà tí ó bá pààrọ̀ bátìrì nítorí rẹ̀ fi owó ẹni ẹlẹ́ni ṣòfò ni. Ó tilẹ̀ lè dá wàhálà mìíràn sílẹ̀, nítorí ọkọ̀ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé, bí a bá ti yọ orí bátìrì, gíláàsì yóò béèrè nọ́ńbà àṣírí tí ó ṣẹ́kù sínú ìwé ọkọ̀ náà lókè òkun.

Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Ladipo ní Èkó, tàbí sí Apo ní Abuja, láti yọ gíláàsì ilé iṣẹ́ kúrò, kí wọ́n sì fi èyí tí ń lo Android sí i. Ó dára bí a bá ń tẹ́ ojú. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọkọ̀ kan, gíláàsì yẹn kan náà ni a fi ń darí ẹ̀rọ amúlétutù àti ojú tí ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹni tí ó yọ ọ́ láìbéèrè lè rí máàpù Èkó tuntun, kí ó sì máa làágùn dé ilé.

Nípa ti owó, fóònù tí olúkúlùkù ti ní lọ́wọ́ ni ó borí. Máàpù rẹ̀ ń di tuntun lọ́fẹ̀ẹ́, a lè gbé e láti inú ọkọ̀ kan sí òmíràn, púpọ̀ nínú wọn sì ń gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì Rọ́ṣíà, Ṣáínà àti Yúróòpù mọ́ ti Amẹ́ríkà. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé láìsí dátà, fóònù kò lè tọ́nà. Dátà kò kan sátẹ́láìtì rárá; máàpù ni fóònù ń fi dátà fà wá díẹ̀díẹ̀, àti ìròyìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Láti 2015 ni Google ti gbà kí a kó máàpù agbègbè kan sínú fóònù pátápátá kí a tó kúrò nílé. Organic Maps àti OsmAnd náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú máàpù OpenStreetMap tí àwọn ènìyàn ń fi ọwọ́ ara wọn yà láti 2004. Awakọ̀ tí ó bá ṣe èyí ní Abuja kò ní ṣáko nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá kú lójú ọ̀nà Lokoja. Kí ó rí i pé orí ìdúró tó le ni fóònù wà, kí ó sì kọ ibi tí ó ń lọ sínú rẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí, nítorí náírà 4,000 ni òfin Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá ń lo fóònù bí ó ti ń wakọ̀.

Ohun kan wà tí àkànmọ́ kò mọ̀, tí alágbèéká náà kò sì mọ̀. Kìlómítà àti ìṣẹ́jú ni àwọn méjèèjì ń kà. Ẹni tí ó ń ti Jẹ́bà lọ sí Kaduna, ẹ̀rọ lè tọ́ ọ gba Mokwa, Tegina àti Birnin Gwari, nítorí pé ó yá jù lórí máàpù. Kò ní sọ fún un pé lójú ọ̀nà Birnin Gwari ni àwọn ajínigbé ti pa ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò lára ní ọdún àìpẹ́ yìí. Àwọn dírẹ́bà tí wọ́n bá ti Kaduna dé sí gáréèjì Tegina ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ó lè sọ bí ọ̀nà ti rí, bí a bá sọ̀ kalẹ̀ béèrè lọ́wọ́ wọn.