Afẹ́fẹ́ Inú Bíréèkì: Bí A Ṣe Ń Lé E Jáde Lára Alùpùpù

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí alùpùpù. Ní ilẹ̀ Kétu níhìn-ín, alùpùpù ti di ẹsẹ̀ wa. Òun ni ó ń gbé àgbàdo àti gàrí lọ sí ọjà. Òun ni ó ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Òun ni àwọn zẹ́míjàn fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn.

Bí alùpùpù bá ń sáré, bíréèkì ni ó ń dá a dúró. Àwọn mekaníìkì wa tí ó kọ́ṣẹ́ ní èdè Faransé ń pè é ní frein. Ẹ ronú nípa ọkùnrin kan tí ó gbé ìyàwó àti ọmọ sẹ́yìn, tí ó ń sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ewúrẹ́ sáré bọ́ sójú ọ̀nà. Ó tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ọwọ́ bíréèkì rọ̀ bí kànìnkànìn tí ó rin. Alùpùpù kò dúró. Kí ni ó fa èyí? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, afẹ́fẹ́ ni ó wọ inú bíréèkì. Ẹ jẹ́ kí a wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé, àti bí a ṣe ń lé e jáde.

1. Irú bíréèkì wo ni ẹ ní?

Oríṣi méjì ni bíréèkì alùpùpù. Àkọ́kọ́ dà bí ìlù kékeré ní àárín táyà. Wáyà tàbí ọ̀pá irin ni ó ń fà á. Irú èyí kò ní òróró nínú, nítorí náà kò sí afẹ́fẹ́ tí a ó lé jáde. Bí ó bá rọ̀, wáyà rẹ̀ ni a ó fà le, tàbí kí a pààrọ̀ ohun tí ó jẹ nínú rẹ̀.

Èkejì ní àwo irin pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ohun kan di àwo náà mú bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ṣe ń di irin mú. A ó máa pè é ní ẹ̀mú bíréèkì. Òróró ni ó ń ti ẹ̀mú yìí. Òróró náà wà nínú agolo kékeré kan lẹ́bàá ọwọ́ bíréèkì. Ó ń gba inú rọ́bà líle kan sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀mú. Bíréèkì olóróró yìí ni ọ̀rọ̀ wa kàn.

2. Kí ni afẹ́fẹ́ ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ lè dán èyí wò nílé. Ẹ mú ike omi kan. Ẹ rọ omi kún un dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pinpin. Ẹ fún un lọ́wọ́. Ó le, kò fẹ́ fún pọ̀. Ẹ wá da ìdajì omi náà nù, kí ẹ tún dé e. Ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rọ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni ó ń fún pọ̀. Omi kì í fún pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí bíréèkì ṣe rí nìyẹn. Bí òróró nìkan bá wà nínú rọ́bà, gbogbo agbára ọwọ́ yín ni yóò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀mú. Ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Blaise Pascal, tí ó gbé ayé láti 1623 títí di 1662, ni ó ṣàlàyé rẹ̀: bí a bá ti ohun olómi tí a sé mọ́ inú nǹkan, agbára náà yóò tàn dé ibi gbogbo nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò gba agbára yín jẹ. Ẹ ó tẹ bíréèkì títí, kò ní mú.

Báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé? Ó lè wọlé bí òróró inú agolo bá lọ sílẹ̀ jù. Ó lè wọlé bí rọ́bà bá sán. Ó sì lè wọlé bí ẹnìkan bá tú bíréèkì láti tún un ṣe.

3. Ẹ ka ohun tí a kọ sí orí ìdérí

Ìwé tí ẹ ti mọ̀ kà yóò wúlò níhìn-ín. Ẹ wo orí ìdérí agolo òróró. Ẹ ó rí lẹ́tà mẹ́ta, D, O, T, àti nọ́mbà kan. Ó lè jẹ́ DOT 3 tàbí DOT 4. Ohun tí ẹ bá kà níbẹ̀ ni kí ẹ kà lára ìgò òróró tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ ra ìgò tuntun tí a kò tíì ṣí. Òróró bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà ìgò tí a ti ṣí tipẹ́ kò dára mọ́.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da òróró ẹ́ńjìnnì sínú rẹ̀. Òróró ẹ́ńjìnnì yóò mú kí rọ́bà inú bíréèkì wú, bíréèkì yóò sì bàjẹ́. Ẹ má ṣe da omi tàbí omi ọṣẹ sí i pẹ̀lú. Bí ẹ bá gbé alùpùpù lọ sọ́dọ̀ mekaníìkì, ẹ sọ fún un pé: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ìgò òróró yẹn.” Kì í ṣe àrífín. Ẹ̀mí yín àti ti èrò ẹ̀yìn yín ni ẹ ń ṣọ́.

4. Bí a ṣe ń lé afẹ́fẹ́ jáde

Ènìyàn méjì ni iṣẹ́ yìí rọrùn fún. Ẹ wá sípánà tí ó bá nọ́ọ̀tì mu, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lè rí inú rẹ̀, ike òfìfo, àkísà mímọ́ àti omi. Òróró bíréèkì máa ń bó ọ̀dà lára alùpùpù, nítorí náà ẹ fi àkísà bo táńkì. Bí ó bá ta sí ibì kan, ẹ tètè fi omi ṣàn án.

Èkíní: Ẹ gbé alùpùpù dúró ṣánṣán kí agolo òróró má ṣe dagun. Ẹ nu orí agolo kí ẹ tó ṣí i, kí erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ wa má baà bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ rọ òróró sí i dé ìlà òkè.

Èkejì: Ẹ wo ara ẹ̀mú bíréèkì. Nọ́ọ̀tì kékeré kan wà níbẹ̀ tí ó ní ihò láàárín. Ẹ fi sípánà kọ́ ọ, kí ẹ sì ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lórí. Ẹ ki orí rọ́bà kejì sínú ike tí òróró díẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí òróró bo ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: Kí ẹnìkan rọra tẹ ọwọ́ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó sì dì í mú. Kí ẹnìkejì tú nọ́ọ̀tì díẹ̀. Òróró yóò jáde, afẹ́fẹ́ yóò sì máa hó róbótó-róbótó bí ọṣẹ nínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́. Ọwọ́ bíréèkì yóò lọ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ dí nọ́ọ̀tì padà kí ẹni tí ó di ọwọ́ bíréèkì mú tó fi í sílẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì jù lọ. Bí ó bá fi í sílẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀tì ṣì wà ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ yóò tún wọlé.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Ẹ máa wo agolo lókè, kí ẹ sì máa rọ òróró tuntun sí i. Kò gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí ó bá gbẹ, gbogbo iṣẹ́ yín di asán.

Ẹ̀kẹfà: Nígbà tí òróró bá ń jáde láìsí afẹ́fẹ́, tí ọwọ́ bíréèkì sì le, ẹ dí nọ́ọ̀tì. Ẹ má ṣe dí i jù, kí ó má baà kán. Ẹ kún agolo dé ibi tí ó yẹ, kí ẹ sì dé e.

Kí ẹ tó gùn ún, ẹ di ọwọ́ bíréèkì mú gírígírí fún ìṣẹ́jú kan. Kò gbọ́dọ̀ rọra máa lọ sílẹ̀. Ẹ wò ó bóyá òróró ń jò níbì kan. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra dán an wò ní pápá tí kò sí ènìyàn. Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Májèlé ni òróró bíréèkì. Ẹ má ṣe fi í sínú ìgò ọtí tàbí ìgò omi tí ọmọdé lè gbé mu. Ẹ má ṣe dà á sí ẹ̀bá kànga. Èyí tí ó jáde kò ṣeé lò mọ́.

5. Alùpùpù tí ó ní ABS

Àwọn alùpùpù tuntun kan wà tí a kọ lẹ́tà A, B, S sí lára. Bí ẹnìkan bá fi ipá fa àgbò, àgbò yóò ta ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò sì máa wọ́ lórí ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni táyà ń ṣe bí a bá tẹ bíréèkì gírígírí lójú ọ̀nà tí ó tutù: kò yí mọ́, ó ń yọ̀, alùpùpù á sì ṣubú. ABS kì í jẹ́ kí táyà dúró gbagidi bẹ́ẹ̀. Ohun kan lẹ́bàá táyà ń ka bí ó ṣe ń yí. Bí táyà bá fẹ́ dúró lójijì, àpótí kékeré kan yóò tú bíréèkì sílẹ̀, yóò tún mú un, ní ìgbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ní ọdún 1988 ni ilé iṣẹ́ BMW ti Jámánì kọ́kọ́ ta alùpùpù tí ó ní in. Ní Íńdíà, níbi tí ọ̀pọ̀ alùpùpù wa ti ń wá, òfin dé ní ọdún 2019 pé gbogbo alùpùpù tuntun tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju 125 lọ, tí wọ́n ń tà níbẹ̀, gbọ́dọ̀ ní ABS. Kò túmọ̀ sí pé èyí tí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ wa ní in. Ẹ wo tiyín dáadáa.

Kí ni ìyàtọ̀ nínú iṣẹ́ wa? Àpótí ABS ní ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ àti ilẹ̀kùn kéékèèké nínú. Bí agolo kò bá gbẹ rárá, ọ̀nà tí a ti ṣàlàyé lókè sábà máa ń tó, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ lé ìwé alùpùpù náà. Ṣùgbọ́n bí agolo bá ti gbẹ, tàbí tí a ti tú àpótí náà, afẹ́fẹ́ lè sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn wọ̀nyí. Ẹ̀rọ pàtàkì ni a fi ń ṣí wọn. Ọwọ́ lásán kò lè lé irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ náà.

Iná ABS wà níwájú. Ó máa ń tàn bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, yóò sì kú bí alùpùpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bí kò bá kú, ABS kò ṣiṣẹ́. Bíréèkì lè ṣì máa mú, ṣùgbọ́n táyà lè yọ̀. Ẹ rọra rìn, kí ẹ sì wá mekaníìkì.

Ẹ jíròrò lórí ìwọ̀nyí nínú ẹgbẹ́ ìkàwé yín:

Kí ni ó dé tí ike tí omi kún le ju èyí tí omi rẹ̀ dé ìdajì lọ?

Kí ni a gbọ́dọ̀ ṣe kí a tó fi ọwọ́ bíréèkì sílẹ̀?

Kí ni ẹ kà lórí ìdérí agolo òróró alùpùpù yín?

Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí fún zẹ́míjàn tí ó ń gbé yín. Ọ̀nà á là, ẹ ò sì ní rí ìjà ọ̀nà.