WỌ́N LU ỌMỌ ẸLẸ́JA NÍ JÌBÌTÌ NÍNÚ ERÉ ORÍ FÓÒNÙ!
Ọgbọ́n ọjà ìyá ẹ̀ ló kó o yọ

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí yín. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá lọ́mọ tó ń tẹ fóònù nílé, ọ̀rọ̀ ẹ̀ là ń sọ yìí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta ẹja gbọ́ igbe nínú yàrá ọmọ ẹ̀: "Wọ́n ti jà mí lólè o!" Ìyá fa ọmọ odó yọ, ó sáré wọlé. Kò bá olè kankan. Ọmọ náà, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, ló jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tó dojú kọ fóònù, tí omi ń dà lójú ẹ̀ pòròpòrò. Owó tó fi oṣù mẹ́jọ kó jọ nínú eré ni ẹnì kan ti gbà lọ́wọ́ ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú ọmọ ẹ̀, ẹ̀rín ò jáde mọ́. Ó jókòó tì í, ó ní, "Báwo ló ṣe gbà á?"

Ọmọ ní, "Màámi, ọkùnrin kan ló dúró sáàárín ọjà inú eré. Ó ń kígbe pé ká mú owó wá, òun á sọ ọ́ di méjì. Mo fún un ní kékeré, ó dá a padà ní ìlọ́po méjì lóòótọ́. Mo tún fún un, ó tún ṣe é. Ìgbà kẹta ni mo kó gbogbo ẹ̀ fún un. Kò dá mi lóhùn mọ́."

"Háà! Gbájúẹ̀!" ni ẹ̀gbọ́n mi pariwo. "Ṣé wọ́n ti dé inú fóònù náà ni? Ọmọ mi, bí wọ́n ṣe gba owó ìyá mi àgbà nìyẹn kí wọ́n tó bí ẹ!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí èmi náà jókòó ti ọmọ yìí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí n lè mọ ohun tó wà nídìí eré náà. Ohun tí mo rí rèé.

ERÉ WO NI?

Old School RuneScape lorúkọ ẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Andrew Gower àti Paul Gower, ló gbé RuneScape àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2001. Ilé iṣẹ́ Jagex tó wà ní ìlú Cambridge ló ni ín. Lọ́dún 2013, àwọn tó ń ṣeré náà dìbò pé kí wọ́n dá èyí tó wà lọ́dún 2007 padà fún àwọn, wọ́n sì dá a padà. Láti ọdún 2018 ló ti ṣeé ṣe lórí fóònù.

Bí ìlú inú àlọ́ ló ṣe rí. Iwin wà níbẹ̀, òmìrán wà níbẹ̀, oṣó náà ò gbẹ́yìn. Ẹni tó bá wọlé á dá ènìyàn kan sílẹ̀, á fún un lórúkọ, á wá máa darí ẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti orílẹ̀-èdè gbogbo ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ tó lé ní ogún lèèyàn lè kọ́: ẹja pípa, oúnjẹ sísè, igi gígé, ilẹ̀ wíwà, irin rírọ, ogun jíjà. Ọ̀fẹ́ ni apá kan, ṣùgbọ́n apá tó tóbi jù, owó oṣooṣù ni wọ́n ń san fún un.

Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, ẹ gbọ́ o: bàbà kan pẹ̀lú tánńganran kan, tẹ́ ẹ bá kó wọn síná, idẹ ló ń dà. Tẹ́ ẹ bá yọ́ irin, nǹkan bí ìdajì ẹ̀ ló ń bàjẹ́ dànù. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, edé lẹ ó kọ́kọ́ fi àwọ̀n kékeré kó, tẹ́ ẹ bá sì gbé e kaná, púpọ̀ ló máa jóná títí ọwọ́ yín á fi mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ èyí, ó ní, "Àwọn tó ṣe é mọ nǹkan kan."

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÓ Ń BẸ̀RẸ̀

Èkíní, má kánjú. Ìpele 99 ni òkè téńté iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, máàkì 13,034,431 lèèyàn sì gbọ́dọ̀ ní kó tó débẹ̀. Ẹni tó bá dé ìpele 92 á rò pé òun ti fẹ́ẹ́ dé. Irọ́ ni! Ìdajì ọ̀nà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn. Ẹni tó bá fẹ́ fi oorun ẹ̀ dí i, iṣẹ́ ọ̀gá ẹ̀ ni yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Èkejì, kọ́ ọjà. Ọjà ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Grand Exchange, ní ìlú Varrock. O máa gbé ọjà rẹ kalẹ̀, wàá dá iye tó o fẹ́, ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ á rà á. Láti ìparí ọdún 2021 ni wọ́n ti ń yọ owó ọjà lára ohun tí a bá tà, nítorí náà, ṣírò ẹ̀ mọ́ èrè. Wọ́n tún dá iye tí ẹnì kan lè rà láàárín wákàtí mẹ́rin, kí olówó má baà kó gbogbo ọjà pamọ́. Ẹ ò rí i pé wọ́n gbọ́n!

Ẹ̀kẹta, mọ iye ọjà kó o tó náwó. Wiki eré náà ni irinṣẹ́ tó dára jù. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń sọ iye tí nǹkan ń lọ, ó sì ń ṣàlàyé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é tún máa ń lo RuneLite, tí Jagex fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ayédèrú ẹ̀ wà tó ń jí páswọ́ọ̀dù. Ojúlé RuneLite gan-an ni kó o ti gbà á, má gbà á lọ́wọ́ àjèjì.

Ẹ̀kẹrin, má gbé ohun tí ìwọ ò lè pàdánù wọ inú aginjù tí wọ́n ń pè ní Wilderness. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń pa ara wọn gba ẹrù. Lójoojúmọ́, ẹni tó bá kú á ṣì rí nǹkan mẹ́ta tó níye lórí jù mú lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ gbéjà ko ẹlòmíràn nínú aginjù, agbárí á yọ sí i lórí, àǹfààní yẹn á sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Tí ọ̀rẹ́ àìmọ̀rí bá ní "Máa tẹ̀ lé mi, mo mọ ibi tí wúrà wà," sá!

ÀWỌN GBÁJÚẸ̀

Ẹni tó ní òun á sọ owó di méjì, olè ni. Ẹni tó ní kó o gbé ẹ̀wù ogun rẹ wá kóun fi wúrà sí i létí, olè ni, nítorí kò sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú eré náà. Tí ìwọ àti ẹnì kan bá ń ṣe pàṣípààrọ̀, ojú ewé méjì ló máa ń yọ. Ka èkejì dáadáa kó o tó gbà, torí wọ́n máa ń yọ ohun rere kúrò, wọ́n á fi pàǹtí rọ́pò ẹ̀.

Fi nọ́ńbà àṣírí mẹ́rin ti báńkì inú eré. Lo Authenticator, tó ń fún ọ ní nọ́ńbà tuntun tó o bá fẹ́ wọlé. Má fún ẹnikẹ́ni ní páswọ́ọ̀dù, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá rẹ.

ÈYÍ TÓ BANI LẸ́RÙ JÙ

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ má sọ fún Màámi." Ó ti rí ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ ta owó eré fún un, ó sì ti ń ronú àtimú nínú owó fíríìdọ́ọ̀mù tí ìyá ẹ̀ ń tù jọ fún un!

Mo ní, "O fẹ́ fi owó gidi ra owó àlá?" Òfin eré náà ò gbà á. Ẹni tó bá rà àti ẹni tó bá tà, wọ́n lè lé àwọn méjèèjì jáde, wọn ò sì ní padà wọlé mọ́. Lóòótọ́, nígbà tí nǹkan le ní Venezuela, ní nǹkan bí ọdún 2017 sí 2019, àwọn èèyàn kan ń pa drágónì nínú eré yìí, wọ́n ń ta wúrà ẹ̀ gba dọ́là kí wọ́n lè jẹun. Ebi ló sún wọn débẹ̀. Wọ́n lé púpọ̀ nínú wọn jáde, iṣẹ́ oṣù sì wọ́ lọ lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ebi ò pa, kí ló ń wá lọ síbẹ̀?

Mo ní kó lọ sọ fún ìyá ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò nà án. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Nígbà tí ẹja mi bàjẹ́ lọ́dún tí wọ́n bí ẹ, agbọ̀n kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìwọ náà, lọ fi àwọ̀n kékeré rẹ bẹ̀rẹ̀."

Bó ṣe ṣe nìyẹn. Ó ń kó edé, ó ń tà á, wákàtí kan péré lálẹ́, lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Kò tíì rí ìdajì ohun tó sọ nù. Ṣùgbọ́n owó fíríìdọ́ọ̀mù wà níbi tó wà. Nírọ̀lẹ́, tí ìyá ẹ̀ bá ti ọjà dé, á bi í pé, "Ṣé ọjà tà lọ́hùn-ún?" Ọmọ á ní, "Ó tà díẹ̀, Màámi. Tiyín ńkọ́?"

Ẹ̀yin òbí, ẹ máa béèrè o. Ẹ má kàn gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Ogbó ọjà tẹ́ ẹ gbó, kò sí nínú fóònù kankan. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kó kọ̀wé sí wa, ká lè fi kọ́ ara wa lọ́gbọ́n.