Ẹ má fi oògùn kankan pamọ́ fún dókítà tó fẹ́ẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún yín

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ní ọmọ kékeré nílé, ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé oògùn tó ti bá wa lára mu láti ọdún mélòó kan kò lè ṣe wá níbi. Àmọ́ ọjọ́ tí ọ̀bẹ dókítà bá kan ara, ara ọ̀hún kì í lo oògùn bó ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú ikùn. Oògùn tá a bá gbé mì gbọ́dọ̀ dé inú ìfun kó tó wọnú ẹ̀jẹ̀. Oògùn tí wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun, oògùn ìrora tó lágbára àti iṣẹ́ abẹ inú fúnra ẹ̀ máa ń mú kí ikùn àti ìfun dẹwọ́. Ìfun ńlá lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó tó jí dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ojú iṣan fún aláìsàn lóògùn. Tẹ́ ẹ bá rò pé oògùn ò ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ wá dọ́gbọ́n fi òmíràn sí màmá lẹ́nu nígbà tí nọ́ọ̀sì ò sí nítòsí, tí ikùn bá jí, ti àná àti tòní lè jọ wọnú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kíndìnrín ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ àti omi tó dànù lè dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kù, pàápàá lára àgbàlagbà. Oògùn tó yẹ kó ti bá ìtọ̀ jáde á ṣì wà lára. Ibuprofen àti diclofenac tí ọ̀pọ̀ ń rà ní kẹ́mísìtì nítorí orúnkún lè dá kún ìyọnu kíndìnrín ọ̀hún.

Aspirin lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá lẹ́yìn tẹ́ ẹ lò ó kẹ́yìn. Síbẹ̀, ẹ má fúnra yín dá a dúró, torí òun ló ń dáàbò bo ọkàn ẹlòmíì. Nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà lè ní kẹ́ ẹ fi lisinopril sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n wọn kì í dá atenolol dúró lójijì. Oògùn àtọ̀gbẹ kan lè já ṣúgà wálẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má jẹun. Àgbo náà ńkọ́? Ẹ sọ ọ́, kí ojú má tì yín. Ááyù nìkan lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àtidì.

Ẹ̀yin òbí, lọ́dún 2013, àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí wọ́n má fún ọmọdé ní codeine lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tọ́ńsìlì. Ẹ̀dọ̀ àwọn ọmọ kan máa ń yára sọ ọ́ di morphine, èyí tó lè dá mímí wọn dúró. Oògùn ìrora tó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ àgbà, ẹ má fi fún ọmọ.

Ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo, kẹ́ ẹ gbé e dé iwájú dókítà. Ẹ bi í pé: èwo ni kí n dá dúró, èwo ni kí n lò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìgbà wo ni kí n tún bẹ̀rẹ̀? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò ní ọsibítù. Ohun tí dókítà ò bá mọ̀, kò lè ṣọ́ra fún un.